Ọrun Kúkúrú Tí Ọsán Rẹ̀ Kì Í Pẹ́ Já

Òbúkọ igbó kan ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó dúró síwájú mi níbi tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ó ń jẹ ewé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo fa ọrun mi, mo tú u sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ọrun lọ gbá ẹ̀ka igi, ọfà sì fò lọ bá òkúta. Òbúkọ wo ọfà, ó wò mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹ gbọ́ ná, ta ni kò ní bínú? Mo bú òun, mo bú bàbá tó bí i, mo bú títí ohùn mi fi há.

Ẹ̀bi ọrun ni. Ó gùn ju èmi fúnra mi lọ. Èmi Raelene Pascoe, kúkúrú ni mí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọ́ ọrun gígùn yẹn káàkiri láàárín àpáta àti igi gọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa, ní gúúsù Queensland, níbi tí òtútù oṣù keje máa ń mú títí omi inú korobá á fi dì. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi léjìká. Dókítà ní kí n jókòó sílé kí n máa hun súwẹ́tà. Mo ní kí òun lọ hun tirẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni pé apá mi kò gbé ọrun líle mọ́, bí mi ò bá sì rí ọrun kúkúrú tó fúyẹ́ tí kò sì wọ́n, ọdẹ ti tán lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Mo lọ bá Col Brandt. Col ló ń gbẹ́ ọrun fún gbogbo agbègbè wa, nínú àgọ́ páànù kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ kún fún èérún igi títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bó ṣe rí mi ló bẹ̀rẹ̀.

"Rae, o tún wá wo ọjà mi lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ojú mi ń bù ú jẹ ni? Ọrun kúkúrú ni mo fẹ́. Kó má ju ọgọ́ta ínṣì lọ. Kó má le jù fún èjìká mi, kó sì lágbára tó láti pa ewúrẹ́. Kó má sì wọ́n."

"Kúkúrú, kó rọ̀, kó lágbára, kó má wọ́n. O ò wá ní kó máa po tíì fún ẹ láàárọ̀?"

"Tó bá lè pò ó, màá san owó ìyẹn lọ́tọ̀."

Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là. Igba dọ́là ló wà lápò mi. Ó gbé méjì sílẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Èyí àkọ́kọ́, bí mo ṣe tú u sílẹ̀, ó gbọ̀n mí lọ́wọ́ títí dé eyín. Èkejì kúkúrú dáadáa, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, àfi ìgbà tí ọwọ́ mi ń sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kàn ṣàdédé le gbagidi. Èjìká mi pariwo, èmi náà pariwo.

"Bí àwọn ọrun kúkúrú tí kò dáa ṣe ń ṣe nìyẹn," ni Col wí. "Wọn ò fẹ́ apá gígùn. Tìẹ kúkúrú, Ọlọ́run kúkú ṣe ìyẹn fún ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ èyí kò ro ti èjìká ìyá arúgbó."

"Ìyá ta ni arúgbó?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtàǹpàkò nu ìda kúrò lórí tábìlì, kò wojú mi.

"Ọ̀kan wà," ló wí. "Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ínṣì méjìdínlọ́gọ́ta, apá ẹni tó sì kúrú bíi tìẹ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Kò ní ju ọgọ́ta dọ́là lọ báyìí. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rà á tí wọ́n sì dá a padà. Èmi ni mo hun ọsán fún ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, okùn gidi, fọ́nrán mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kẹta ni gbogbo wọn ń já. Ibì kan náà, ní ojóbó òkè. Ọ̀kan já níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Ti ta ni?"

"Ti Leanne Hanrahan. Ìyá ẹ̀ ló ń tà á."

Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ máa lọ. Mo ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún yín, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí.

Leanne jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ wa, obìnrin kékeré, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà yẹn, nínú oṣù keje, ó wọ Àfonífojì Kẹ́túlù lọ lóun nìkan, kùrukùru sì bo gbogbo ibẹ̀. Kò bọ̀. Gbogbo ìlú tú jáde. Orúnkún mi wú nígbà yẹn, ni wọ́n bá fi èmi sí ẹ̀bá títì, nídìí rédíò. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́pàá kan pè wá láti inú igbó: "A rí ọrun ẹ̀. Wọ́n fi kọ́ igi. Wọ́n ti tú ọsán ẹ̀. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹ̀yin tafàtafà?" Mi ò tilẹ̀ mí kí n tó dáhùn. Mo ní ẹni tó bá tú ọsán ọrun rẹ̀ ti ṣọdẹ tán, ilé ló ń bọ̀, wọ́n á rí i láàárín igi yẹn àti títì. Kò sí ọdẹ kan lára wa tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó gbogbo èèyàn kúrò nídìí igi, wọ́n dojú kọ títì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wá a níbẹ̀. Wọn ò rí okùn bàtà rẹ̀ pàápàá.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí ìyá Leanne ní ìlú, mo máa ń sọdá títì. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ojú rẹ̀ ni mi ò lè wò.

Mo ní kí Col gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Mo délé. Mo jẹun. Mo wo ọrun mi gígùn lókè ilẹ̀kùn, mo rántí ojú tí òbúkọ yẹn fi wò mí. Lọ́jọ́ kejì mo gba ilé Hanrahan lọ.

Mísìs Hanrahan ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àwọn páálí ìkẹ́rù kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dé òkè, torí pé ní ìparí oṣù wọ́n ń gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Warwick. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó ń dùn ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ orúkọ Leanne sára òkúta, ọdún mẹ́sàn-án rèé, kò sì sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí wọ́n rí ọmọ òun sin kí òun tó kúrò ní ìlú yìí.

"Wọlé, Raelene," ló wí, bí ẹni pé àná la ríra kẹ́yìn. Tíì ti wà lórí tábìlì. Kọ́ọ̀pù méjì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mísìs Hanrahan. Ṣé ẹ ń retí àlejò ni?"

"Rárá o. Jẹ kéèkì."

Kéèkì tí wọ́n fi àgbọn yí lára ni. Mo bù ú jẹ. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé ọrun náà jáde, ó gbé e lé itan mi. Igi pupa rúsúrúsú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dán. Lára rẹ̀ ni Col ti fi tádàwà kọ gígùn rẹ̀ àti bó ṣe le tó. Ọwọ́ mi dì í mú, ó bá ọwọ́ mi mu bí ìgbà tí èèyàn di ọwọ́ ẹlòmíràn mú. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn.

"Ọsán ẹ̀ ńkọ́?" mo bèèrè.

"Kò ní ọsán. Bí ọlọ́pàá ṣe gbé e fún mi nìyẹn."

Mo rò ó lọ́kàn mi pé àwọn ọlọ́pàá ló sọ ọ́ nù, torí wọn kì í mọ nǹkan tọ́jú. Ojú ìyá yìí kò kúrò lára mi.

"Na apá ẹ," ló wí. Mo nà án. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Apá Leanne gan-an. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ti rà á yẹn, apá wọn gùn bí apá àkàsọ̀."

"Èló lẹ fẹ́ gbà?"

"Ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Tí ọsán ẹ̀ bá já, má gbé e padà wá fún mi bíi tàwọn yẹn. Jókòó. Ronú ná."

Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ìdí ọkọ̀.

Col hun ọsán kẹrin fún mi, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń hun ún. Kí n má parọ́ fún yín, mi ò tíì fa ọrun tó dáa tó yẹn rí. Kò le gbagidi lópin, kò gbọ̀n mí lọ́wọ́, èjìká mi kò sọ nǹkan kan. Ọfà mẹ́wàá ni mo ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án lára wọn ló rọra wọ ibì kan náà. Àfi nǹkan kan. Bí ọwọ́ mi bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kò tún sún mọ́. Bí mo fà á tagbáratagbára, kò lọ. Ibi tí Leanne ń fà á dé nìyẹn, ọrun náà kò sì gbàgbé.

Mo fi okùn gbé e kọ́ sórí ìṣó kan ní pálọ̀. Ajá mi, tó máa ń gbó ọkùnrin tó ń wá ka mítà omi, tó ń gbó òjò pàápàá, lọ jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ju ìrù. Mo pè é, kò wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ọrun náà ti yí lórí okùn. Orí rẹ̀ òkè kọjú sí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Mo fọwọ́ yí i padà. Lọ́jọ́ kejì, fèrèsé ìwọ̀-oòrùn náà ni. Mo ní atẹ́gùn ni. Mo wo fèrèsé, ó tì gbọingbọin. Ohun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilé mi kò ju igbó àti Àfonífojì Kẹ́túlù lọ.

Lọ́jọ́ kẹta mo gbé e lọ sóko ọdẹ láàárọ̀, mo ń fọ́nnu fún ara mi pé ọsán yìí kò ní já, pé àwọn ọkùnrin yẹn ni wọn ò mọ nǹkan í tọ́jú. Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta kan láti mu tíì inú fúláàsì, mo gbé ọrun lé itan, ọwọ́ mi méjèèjì wà lára kọ́ọ̀pù. Mo tún un sọ: ọwọ́ mi méjèèjì.

Táù!

Ọsán já. Ojóbó òkè. Tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná. Mo jókòó, ẹnu mi là sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tó ìgbà tí èèyàn lè kà dé ogún, ni mo gbọ́ òmíràn láti inú kùrukùru lọ́hùn-ún, ní apá ìwọ̀-oòrùn, jìnnà réré.

Táù.

Gbohùngbohùn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara mi bù máṣọ. Mo fẹ́ dìde kí n sá, ni mo bá rántí ohun tí ìyá yẹn sọ. Jókòó. Ronú ná.

Mo wo ọrun tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ọ̀pá lásán ló wà lórí itan mi. Mo ti ń ṣọdẹ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mi ò tíì rí ọrun mi rí bẹ́ẹ̀ nínú igbó, láìsí okùn kankan lára rẹ̀. Torí kì í ṣe bá a ṣe ń tú ọsán nìyẹn. Bí ọdẹ bá parí, a ó tẹ ọrun, a ó yọ ojóbó òkè, a ó jẹ́ kó sún wálẹ̀ sára igi. Ìsàlẹ̀ kì í kúrò. Ọsán kì í fi ọrun sílẹ̀, kódà nínú ilé, àfi tó bá gbó.

"Wọ́n ti tú ọsán ẹ̀," ni ọlọ́pàá wí. Mo gbọ́ ohun tí tafàtafà máa ń gbọ́. Mi ò bi í pé, ṣé ọsán náà wà níbẹ̀? Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá ò mọ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un? Èmi ni mo yẹ kí n bèèrè, kò sì wá sí mi lọ́kàn, torí mo ti mọ gbogbo nǹkan tán.

Leanne kò tú ọsán nítorí pé ó ti ṣọdẹ tán. Ó yọ ọ́ kúrò pátápátá nítorí pé ó nílò okùn.

Mo pariwo orúkọ rẹ̀ nínú kùrukùru yẹn bí wèrè. Lẹ́yìn náà ni mo sáré lọ sí ilé Col.

Col kò bá mi jiyàn. Ó wọ bàtà, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ìdí ń dùn ún, ó ń ṣépè fún gbogbo òkúta tí a gbà kọjá, àmọ́ ó ń bọ̀. Òun wà lára àwọn tó débi igi náà lọ́dún yẹn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn wákàtí méjì nínú kùrukùru. Ẹyẹ kan kò dún.

"Igi náà rèé," ló wí. "Ẹ̀ka yìí ló wà."

Mo wo ẹ̀ka náà. Kò ga ju àyà mi lọ.

"Col, èyí? Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo sì rò pé ọlọ́pàá ló kó ọsán ẹ̀ pamọ́. Kí ló dé?"

"Ọdẹ wo ló ń fi ọrun kọ́ ibi tí màlúù lè fẹnu kàn?"

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tó tutù, mo na ẹsẹ̀ kan bí ẹni tí kò lè ká a, mo nawọ́ sókè títí ó fi dùn mí léjìká. Ìka mi kan ẹ̀ka náà. Ibẹ̀ gan-an ló mọ. Ẹni tó fi ọrun kọ́ ibí yìí jókòó nílẹ̀ ni, kò lè dìde. Kò sì fi í kọ́ síbẹ̀ kó lè máa lọ sílé. Ó fi í kọ́ síbẹ̀ kí á lè rí i, kí á lè mọ̀ pé òun wà nítòsí.

A sì rí i. A sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Mo fi ọrun náà kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú okùn tí a gbé wá láti ilé Col. Ó mì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ewé kan kò sì mì lórí igi, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, orí rẹ̀ nà sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lódìkejì. Ó dúró síbẹ̀ ṣinṣin. Col bọ́ fìlà rẹ̀.

"Rae," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré, "má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo rí èyí."

Mo fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ṣe máa sọ̀ kalẹ̀. Mo ń ka iye ìgbà tí mo fi ìdí wọ́. Kò tó ogójì. Òkúta ràbàtà méjì fara ti ara wọn, pàlàpálá kan wà lábẹ́ wọn, kò ga ju orúnkún lọ, ewéko ti bo ẹnu rẹ̀. Láti òkè, ẹ ò lè rí i. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ nìkan ló lè rí i, ìyẹn ẹni tó ń wá ibi tí òjò kò ti ní pa á. Ọfà kan dúró ṣánṣán lẹ́nu rẹ̀, wọ́n so aṣọ ọrùn kan mọ́ ọn, oòrùn ti gba gbogbo àwọ̀ rẹ̀.

Mo yọjú wọlé.

Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù wà níbẹ̀, àti bàtà méjì. Egungun ẹsẹ̀ òsì wà láàárín ọfà mẹ́ta, ọsán ọrun sì ni wọ́n fi dì wọ́n, yíká yíká, ó mọ́, ó gún, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó tí kò kánjú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lábẹ́ òkúta kékeré kan, ọ̀rá bisikíìtì kan wà. Ó ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó ká ọ̀rá náà dáadáa, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kó má bàa ba igbó jẹ́, kó lè gbé e délé dà nù.

Ọ̀rá bisikíìtì yẹn ló pa mí. Ó mọ̀ pé a ń bọ̀. Ó dá a lójú.

Mo sunkún níbẹ̀ bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí màmá mi kú. Mo ń sọ pé, "Col, èmi ni. Èmi ni mo lé wọn lọ." Col jókòó sórí òkúta, ó di èjìká mi tó sàn mú, ó ní, "Gbogbo wa la tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹ, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo wa." Kò tù mí nínú.

Dókítà ìjọba yẹ egungun náà wò. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ dájú, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oúnjẹ yẹn àti bó ṣe di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó kú. Ẹ rántí pé ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí lórí rédíò.

Mísìs Hanrahan ní kí àwọn ará Warwick dúró de òun, wọ́n sì dúró. Wọ́n sin Leanne sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí oòrùn ràn. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo tẹ̀lé ìyá náà délé. Mo ti pinnu pé bí mo bá máa kú, màá sọ ọ́. Kò sí páálí kankan mọ́, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, tábìlì kan àti àga méjì ló kù. Mo dúró, mi ò jókòó.

"Mísìs Hanrahan, nǹkan kan wà tí ẹ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí ọrun yẹn, èmi ni mo…"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n lọ wá a sápá títì. Ọlọ́pàá sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní irọ́ ni, mo ní Leanne kì í yọ ọsán lára ọrun, kódà bí mo bá ń nu eruku lára ẹ̀ á máa pariwo, 'Mọ́mì, ẹ má fọwọ́ kan ọsán!' Wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Wọ́n ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ọrun, pé Raelene Pascoe ti sọ̀rọ̀."

Mo wá ibi tí màá di mú. Ẹ̀yìn àga ni mo rí.

"Kí ló dé tí ẹ ò wá bá mi? Ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ̀ bá wá sọ fún mi!"

"Mo wá." Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. "Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo wá, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. O rí mi. O sọdá títì. Mo tún wá lẹ́ẹ̀kejì, níbi tí wọ́n ti ń ta ápù. O wọ inú ọkọ̀ ẹ. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ó rẹ̀ mí. Mo ní, ó dáa, màá gbé ọrun náà síta kí n máa tà á. Ẹni tó bá rà á, tí kò bá mọ ohun tí ọrun náà ń sọ, á dá a padà, màá sì dín owó ẹ̀ kù. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan èjìká ẹ á daṣẹ́ sílẹ̀, owó ẹ ò sì ní tó. Mò ń retí ẹ ni, Raelene."

Mo gbé ọrun náà kalẹ̀ sórí tábìlì síwájú rẹ̀. Mo ní kó gbà á, mo bẹ̀ ẹ́, mi ò fẹ́ owó mi padà, kó sáà gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó mi orí. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó mú ọ̀rá kékeré tí ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ sí i jáde. Ọsán Leanne ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti tú u lára egungun, ó ṣì ká bó ṣe ká mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ lo rà á," ló wí. "Fi ọsán ẹ̀ sí i."

Mo fi ojóbó ìsàlẹ̀ sí i, mo tẹ ọrun, ojóbó òkè wọ ibi tirẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ìyá náà gbọ́ ọ, ó di ojú, lẹ́yìn náà ó dìde lọ wá kóòtù rẹ̀, torí ọkọ̀ Warwick ti dé sẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún kejì rèé. Ọsán yẹn kò tíì já. Ọrun náà wà ní pálọ̀ mi, kò yí síbì kankan mọ́, ajá kò sì wò ó mọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì fi ọfà lé e. Ọjọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan ni mo ń wakọ̀ lọ sí Warwick, mo ń bá Mísìs Hanrahan mu tíì, bí mo bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó lè wọlé.